Ọba Fẹ́ Gbé Kẹ̀kẹ́ Mi

Iná ti lọ láti àárọ̀ Ọjọ́rú.
Gbogbo Òkè-Ìjẹ̀bú dúdú bí ìdí ìkòkò,
Tíṣà Akínmọ́láyàn sì ń dúpẹ́:
"Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì o.
Irú òkùnkùn yìí, owó ò lè rà á l'Ákùúrẹ́."

A gun òrùlé gbọ̀ngàn, àwa mẹ́rin,
pẹ̀lú awò-ìràwọ̀ kan tí wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù di ẹsẹ̀ rẹ̀,
àti díìsìkì ìgbéyàwó àbúrò Tíṣà
tí a bó awọ rẹ̀ títí ó fi mọ́ gaara.
A gé e, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú awò.

"Ẹ kà á." A kà á bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi:
O, B, A, F, G, K, M.
"Ẹ fi sọ̀rọ̀, kí ẹ má baà gbàgbé."
Adéṣẹwà ló wí i, ẹ̀rín pa wá, páànù mì:
Ọba fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ mi.

Ọba ló gbóná jù, aláwọ̀ aró.
Mi ló tutù jù, ó pọ́n bí ògúnná tó ń kú lọ.
Oòrùn tiwa ńkọ́? Àárín ìjà náà ló wà,
lórí Gbé, lọ́wọ́ ẹni tó di kẹ̀kẹ́ mú.

Àwọn yòókù ò gbà. Wọ́n ní pupa ni ewu,
pupa ni ata, pupa ni irin inú iná.
Èmi dákẹ́. Ọmọ wẹ́dà ni mí.
Mo ti jókòó ti bàbá mi lójú ọ̀nà Ọ̀ndó,
mo ti rí iná pupa tó ń rú èéfín, tí kò lè gé páànù,
mo ti rí bó ṣe ń yí ọrùn gáàsì díẹ̀díẹ̀
títí iná á fi súnkì, á mú ṣóńṣó, á di aró,
irin á wá là sí méjì bí àkàrà gbígbóná.
"Iná tó ń ṣe fújà kọ́ ló ń gé nǹkan," ni yóò wí,
á tún fa gíláàsì dúdú bo ojú.

Ìràwọ̀ kan wọlé sínú awò. Kì í ṣe ìràwọ̀ mọ́:
òṣùmàrè tí ẹnì kan fà gùn bí ọ̀já ni,
ìlà dúdú kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún,
bí àlàfo eyín lẹ́nu ọmọ ọdún méje.
"Ṣé díìsìkì ló họ ni, sà?"
"Rárá. Ẹnì kan ló jẹun níbẹ̀."

Mo rántí ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi.
Kì í dúró ká ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Á ṣí ọmọrí, á wò:
bí orí ẹja bá ti lọ, Ìbídàpọ̀ ni;
bí pọ̀nmọ́ bá dín, Mofẹ̀;
bó bá jẹ́ omi ọbẹ̀ nìkan ló fà, bàbá mi ni,
tí kò fẹ́ ká mọ̀ pé ebi ń pa òun.

Bẹ́ẹ̀ ni háídírójìn ń bu tirẹ̀ nínú pupa àti nínú aró.
Sódíọ̀mù, ìbátan iyọ̀ inú agolo wa,
ibi méjì tó fẹnu kanra ló ń jẹ nínú àwọ̀ ìyeyè.
Kálísíọ̀mù lọ sí etí, níbi tí ojú ò ti fẹ́ẹ̀ ríran mọ́.
Irin sì ń jẹ káàkiri, ọ̀kánjúwà,
ojú oòrùn kún fún ibi tó ti bù.
Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò sí ni orúkọ wà.

Agbébọ̀ adìẹ ti ń kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ìhà Iléṣà.
Inú Ọba làwọn yẹn wà, Tíṣà ní,
gbígbóná wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé.
Ó fẹ́ sọ sí i —

iná dé. Àdúgbò hó yèè.
Ìràwọ̀ sá. Tíṣà ṣépè díẹ̀ lábẹ́ ahọ́n.
Ní ìsàlẹ̀, lọ́nà jíjìn, ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ti ń dúró de iná:
ó kọ mànà, ó tún kọ mànà, àwọ̀ aró.
Mo mú ẹ̀bù díìsìkì tó ṣẹ́ kù, mo fi sínú àpò,
n óò wo iná rẹ̀ lọ́la.